Ààyè Tí Mo Fi Sílẹ̀ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá

Ọdún tí àgbàrá wó fẹ́ǹsì wa ní Ìgàndó, tó gbé ìkòkò omi mi láti ẹ̀yìnkùlé títí dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ìsàlẹ̀ àdúgbò, ọdún náà ni baálé mi kú. Òjò yẹn ni mo fi ń ka ọdún. Èmi ò mọ̀wé, mi ò lè sọ pé ọdún báyìí-báyìí ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé òjò náà rọ̀, fẹ́ǹsì wó, baálé mi tún un mọ, kò sì pẹ́ lẹ́yìn tó tún un mọ tán tó fi dùbúlẹ̀ àìsàn. Ọdún kẹta òjò náà ni àwọn ọmọ mi kó mi lọ sí Kánádà. Ọdún tó ń parí lọ yìí ni ìkejì tí mo lò níbẹ̀, òun náà sì ni ọdún tí ẹ̀rù bà mí jù lọ láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Èmi ni mo tọ́ ọ nílé yìí kó tó lọ bá bàbá rẹ̀ lókè òkun, ìdí nìyẹn tó fi gbọ́ Yorùbá tó sì lè kọ ọ́. Ó ní kí n máa sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Mo ní kí òun náà má fi tirẹ̀ kún un.

Orí sàréè baálé mi la jókòó sí bí mo ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Iwájú ilé la sin ín sí, láàárín fàráńdà àti fẹ́ǹsì, ibi tí òun fúnra rẹ̀ nawọ́ sí nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá. Táìlì funfun tó ṣẹ́kù nígbà tí a ṣe ilẹ̀ pálọ̀ ni wọ́n fi bo orí ẹ̀. Ó ga sókè díẹ̀ bí àga, ó sì máa ń tutù lábẹ́ èèyàn lọ́sàn-án, torí pé igi máńgòrò ṣíji bò ó. Nígbà tí mo ṣì ń ta ẹ̀wà ní ọjà Ṣáṣá, ibẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí tí mo bá ti ọjà dé. Màá da ẹ̀wà sínú àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, màá máa ṣa òkúta inú ẹ̀, màá sì máa ròyìn ọjà fún un: ẹni tó bímọ, ẹni tó bá mi jà, ẹni tó kó kòkòrò wá tó ní ẹ̀wà lòun kó wá. Kì í dáhùn. Nígbà tó wà láyé náà, kì í kúkú dáhùn púpọ̀.

Nígbà tí bíríkìlà fẹ́ da sìmẹ́ńtì sí gbogbo iwájú ilé, mo ní kó fi ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀ fún mi ní ìhà fẹ́ǹsì.

Ó ní, "Màmá, kí lẹ fẹ́ gbìn síbẹ̀?"

Mo ní, "Ara mi."

Ọkùnrin náà fi ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni pé màá dùbúlẹ̀ síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló burú níbẹ̀? Lórí bẹ́ẹ̀dì wa, ara ògiri ni baálé mi máa ń sùn sí. Èmi ni mo máa ń wà ní etí, torí èmi ni mo máa ń tètè jí lọ sọ́jà. Bí a ṣe sùn láyé ni mo fẹ́ ká ṣe sùn níbẹ̀, òun lápá ilé, èmi lápá títì. Mo gbin ewúro sí ààyè mi kó má baà dà bí ilẹ̀ tí kò lólúwa. Mo ń já ewúro yẹn sè. Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn ò lè jẹ ẹ́. Mo ní kí wọ́n lọ ra tiwọn lọ́jà jàre.

Ọmọ méjì ni mo ní, ọkùnrin ni àgbà, obìnrin ló tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì ló wà ní Kánádà. Nígbà tí orúnkún mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ mí lẹ́nu tí mo fi ọjà sílẹ̀, wọ́n ní kò sẹ́ni tí yóò máa wò mí, kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Mi ò bẹ̀rù ọkọ̀ òfuurufú. Ẹni tí mo fẹ́ fi sílẹ̀ ni mò ń rò. Ayálégbé wa kan wà lẹ́yìn ilé, ọmọ Èkìtì ni, ó ń ṣe tíṣà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lápá Ìṣẹ̀rí-Olófin. Tíṣà la máa ń pè é. Ìgbà tí àpótí mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà ni mo pè é.

Mo ní, "Tíṣà, ó dọwọ́ ẹ o."

Ó ní, "Kí ló dọwọ́ mi, Màmá? Ilé àbí Bàbá?"

"Bàbá ni. Ilé lè dúró fúnra ẹ̀."

"Ṣé kí n máa bá wọn sọ̀rọ̀ ni? Èmi tí mi ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ràn láti máa gbọ́!"

"Má bá a sọ̀rọ̀. Tí o bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ ìsinmi, gbé fóònù lé orí táìlì. Èmi ni màá sọ̀rọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ gbà mí o! Màmá fẹ́ máa fi fídíò pe òkú."

Mo ní, "Ọkọ mi ni mo fẹ́ máa pè. Ìwọ ṣá rí i pé fóònù ẹ ní iná."

Ó ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, yóò gbé fóònù lé orí táìlì, ojú rẹ̀ á kọjú sí òkè. Ohun tí màá máa rí ni ẹ̀ka igi máńgòrò, wáyà iná tó gba ibẹ̀ kọjá, àti ọ̀run lẹ́yìn wọn. Nígbà mìíràn ewé á já bọ́ lójú fóònù, gbogbo ẹ̀ á ṣókùnkùn, màá máa pariwo, "Tíṣà, wá bá mi mú ewé kúrò lójú!" Lẹ́yìn náà màá máa ròyìn ọ̀sẹ̀ náà fún baálé mi. Tí mo bá sọ ọ́ tán, ara mi á fúyẹ́.

Nítorí pé ẹ̀rù ń bà mí ní Kánádà. Mi ò sọ fún àwọn ọmọ. Láàárọ̀ gbogbo wọn á jáde, àwọn kan á lọ síbi iṣẹ́, àwọn kan sílé ìwé, ilé á wá dákẹ́ rọ́rọ́. Nǹkan kan wà nínú ògiri tó ń mí. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó tì í nìkan ló mọ bó ṣe ń mí. Wọ́n ní kí n má ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni, kí n má tan iná ìdáná. Tí yìnyín bá bo ìta, èèyàn ò mọ ibi tí ilẹ̀ wà mọ́. Mi ò rìn lórí ilẹ̀ tí mi ò rí rí.

Ìyá òyìnbó kan wà ní òdìkejì wa. Ojú fèrèsé ni èmi àti òun ti máa ń kí ara wa. Òun á gbé ọwọ́ sókè, èmi náà á gbé tèmi. Mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Nígbà tó yá, mi ò rí i mọ́, aṣọ fèrèsé rẹ̀ wà ní títì. Mo bi ọmọ mi léèrè.

Ó ní, "Wọ́n ti kú, Màámi."

"Ibo ni wọ́n sin wọ́n sí?"

Ó ní, "Wọn ò sin wọ́n. Wọ́n dáná sun òkú wọn ni. Àwọn mìíràn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbí tó bá wu ẹbí."

"Eérú ẹ̀ wá ńkọ́?"

"Inú ìkòkò kékeré báyìí." Ó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀. Kò ju kóńgò tí mo fi ń wọn ẹ̀wà lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò gbé ọwọ́ sókè kọjú sí fèrèsé yẹn mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó ń fi ọkàn mi balẹ̀ ni ewúro tó wà ní Ìgàndó. Mo máa ń sọ fún ara mi pé kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ sun èmi ní tèmi, mo ní ibi tí mò ń lọ, wọ́n ti fi ààyè sílẹ̀ fún mi, ewúro ló ń bá mi dì í mú.

Nígbà tí òjò ọdún yìí bẹ̀rẹ̀ ni Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ mí. Màá bi í pé, "Bàbá ńkọ́?" Á ní, "Wọ́n wà, Màmá, òjò ló ń rọ̀, fóònù á mumi." Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa níta, inú yàrá nìkan ló ti ń rí i. Lọ́jọ́ kan mo ń gbọ́ ariwo irin lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀, gbàù, gbàù.

Mo ní, "Kí nìyẹn?"

"Wẹ́dà ni, Màmá. Wẹ́dà ló wà lójúlé kejì."

"Láti ìgbà wo la ti ní wẹ́dà ládùúgbò?"

Fóònù já.

Nínú ilé ọmọ mi náà, nǹkan yí padà. Tí àbúrò rẹ̀ obìnrin bá wá kí wa, àwọn méjèèjì á wọ kíṣínì lọ, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Tí mo bá ti yọjú, ọ̀kan á ṣí ẹ̀rọ omi, ìkejì á bi mí bóyá ebi ń pa mí. Ebi kọ́ ló ń pa mí. Mo rò ó pé wọ́n ti ta ilé. Mo tún rò ó pé àwọn olè ti yọ táìlì lọ. Ìgbà mìíràn mo ro ohun tó burú ju ìyẹn lọ, torí pé a máa ń gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ ayé ń wá kiri nínú sàréè, mi ò fẹ́ kí ọmọ yìí kọ ọ́ síbí.

Ó wá di ọjọ́ ìsinmi kan, mo fi ìbínú sọ fún Tíṣà pé tí kò bá gbé mi lé orí táìlì lónìí, màá wá ẹlòmíràn tí yóò débẹ̀. Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, Màmá. Mo ti ń gbé yín lọ." Ojú fóònù ṣókùnkùn, mo ń gbọ́ ìrìn ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà fóònù kan nǹkan líle, kó. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o." Mo ròyìn orúnkún mi fún un. Mo sọ ti ìyá òyìnbó tí wọ́n sun. Mo sọ fún un pé ẹ̀rù iná ń bà mí, pé nígbà mìíràn tí ọmọ wa bá ń yan ẹran, màá sá lọ sí yàrá. Ọ̀rọ̀ tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ni. Ìgbà tí mo nu omijé kúrò lójú ni mo tó wo fóònù dáadáa. Mi ò rí ewé. Mi ò rí wáyà. Ohun funfun kan ló tẹ́ pẹrẹsẹ lókè, nǹkan dúdú kan sì na apá mẹ́ta sí àárín rẹ̀. Mo ṣì ń wò ó nígbà tí àwọn ọmọdé àdúgbò hó yèè pé iná ti dé, nǹkan náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí lórí mi.

Fáànù ni. Inú yàrá ni mo wà. Orí tábìlì ni Tíṣà gbé mi sí. Tábìlì ni mo ti ń sọ àṣírí mi fún.

Mi ò bá a jà. Mi ò bi í ní nǹkan kan. Mo ní, "O ṣeun, Tíṣà," mo sì gbé fóònù fún ọmọ ọmọ mi yìí pé kó bá mi pa á. Ìdí tí mi ò fi bi í ni pé tí mo bá bi í, á sọ fún mi.

Nígbà tí a jókòó jẹun, tí àwọn ọmọ méjèèjì wà níbẹ̀, mo ní, "Kí ló ṣe ilé mi?"

Ọmọ mi ọkùnrin ní, "Ilé èwo, Màámi?"

"Ṣé méjì ni mo ní?"

Àbúrò rẹ̀ ju ṣíbí sílẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ sọ fún wọn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ sọ fún wọn."

"Ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ńkọ́?"

Mo ní, "Ẹ̀jẹ̀ ríru mi gan-an ló ń bi yín."

Ó wá sọ ọ́. Ìjọba fẹ́ fẹ ojú gọ́tà tó gba iwájú ilé wa, nítorí àgbàrá tó máa ń yọ àdúgbò lẹ́nu. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí fẹ́ǹsì gbogbo ilé tó wà lẹ́bàá rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni wọ́n ti wó fẹ́ǹsì wa, wọ́n sì ti gé igi máńgòrò. Wọ́n ò tíì wa ilẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀ bóyá gọ́tà náà yóò dé ọ̀dọ̀ bàbá àwọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti gba àwọn tó ní òkú níwájú ilé nímọ̀ràn pé kí wọ́n gbé wọn kúrò kí katapílà tó dé. Òun ti bá àwọn kan sọ̀rọ̀ tí yóò gbé bàbá òun lọ sí sẹ́mẹ́tìrì.

Mo ní, "Ẹ fẹ́ hú bàbá yín, kí èmi sì máa bá tábìlì sọ̀rọ̀?"

"A fẹ́ kó parí ká tó sọ fún yín ni, Màámi. Ká má baà dẹ́rù bà yín."

"Ẹ gbé mi lọ sílé."

"Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe fún katapílà?"

Mi ò mọ̀ ọ́n. Òtítọ́ ni mo sọ fún un pé mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù ń bà mí pé kí n débẹ̀ kí n rí ohun tó ṣẹ́kù lára ẹni tí mo bá sùn ní gbogbo ọjọ́ ayé mi. Ẹ̀rù sì ń bà mí pé kí wọ́n gbé e lójú àjèjì, kí n má sí níbẹ̀. Mo kàn rí i pé ẹ̀rù kejì yìí lágbára ju àkọ́kọ́ lọ.

Wọ́n fi ọmọ ọmọ mi yìí tẹ̀ lé mi nígbà tí ọlidé wọn dé. Bí ọkọ̀ tó gbé wa láti Ìkẹjà ṣe já sí Ìgàndó báyìí, mo di ojú mi.

Ó ní, "Màmá àgbà, a ti dé."

Mo ní, "Bá mi wò ó ná. Ṣé táìlì wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Igi ńkọ́?"

Ó ní, "Ẹ la ojú, Màmá àgbà."

Mo la ojú. Iwájú ilé mi wà ní ìhòòhò. Ẹni tó ń lọ ní títì lè rí ilẹ̀kùn yàrá mi. Ìdí igi máńgòrò ti gbẹ, táìlì Bàbá sì ti pọ́n fún eruku ọyẹ́. Wọ́n kan èèkàn mọ́lẹ̀, wọ́n so okùn mọ́ ọn láti ilé dé ilé, okùn náà sì gba àárín ewúro mi kọjá. Tíṣà ti kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, ẹ má bínú. Àwọn bọ̀ọ̀dá ló ní kí n má sọ. Mi ò sì lè gbé yín síta kẹ́ ẹ má rí i pé igi ti lọ."

"Dìde. Ṣé gbogbo ohun tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn lo gbọ́?"

"Mo jáde síta, Màmá. Ẹ fi Ọlọ́run bi mí, mo ti ilẹ̀kùn."

"Tábìlì ẹ nìkan ló gbọ́ nìyẹn." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò pẹ́ lẹ́nu mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bá ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ náà. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni yóò dé?"

Ó ní, "Okùn yìí la ó tẹ̀ lé, Màmá. Tí a bá tẹ̀ lé okùn, kò ní kan Bàbá. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ yìí rọ̀, ó lè ya lulẹ̀ fúnra ẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni, màá ti gbé wọn kúrò."

"Ṣé ẹ ti rí ibi tí wọ́n ti gbé ẹnì kan rí?"

"Ilé aláwọ̀ búlúù tó wà lókè yẹn gbé ìyá wọn."

"Kí ni wọ́n rí?"

Ó wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká sọ nǹkan mìíràn."

Láti ìgbà yẹn, ẹnu mi ni gbogbo wọn ń wò. Ọmọ mi ọkùnrin ń pè láti òkè òkun, ó ní àwọn tí yóò gbé Bàbá ti ṣe tán, kí n ṣáà sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Àbúrò rẹ̀ ń sunkún lórí fóònù pé ohun tí mo bá fẹ́ ni kí wọ́n ṣe. Pásítọ̀ wa ní ara lásán ló wà níbẹ̀, ẹ̀mí ti lọ, kí n jẹ́ kí wọ́n gbé e. Mo ń jókòó lórí táìlì, mo ń bi í, kò dáhùn. Tí mo bá ní kí wọ́n gbé e, wọn á ṣí i, màá sì rí ohun tó mú kí ọ̀gá yẹn wo bàtà rẹ̀. Tí mo bá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, tí ilẹ̀ bá wá ya, yóò ṣubú sínú gọ́tà lójú gbogbo àdúgbò, èmi ni mo sì ṣe é fún un. Mi ò lè jẹ, mi ò lè sùn. Ohun tí mo wá dì mú ni pé òun fúnra rẹ̀ ló nawọ́ sí ibẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni katapílà dé. Mo ti pinnu pé mi ò ní wò ó. Mo wọ yàrá lọ, mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì níbi tí mo máa ń sùn sí. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, àwọn ṣíbí ń ró ṣánṣán nínú abọ́. Mi ò lè fara dà á. Mo jáde sí fàráńdà, mo di ọmọ ọmọ mi mú.

Ọwọ́ irin náà sọ̀ kalẹ̀, ó gbé ewúro mi tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Bó ṣe tún sọ̀ kalẹ̀, ààyè mi là sílẹ̀. Mo rí inú ibi tí mo fẹ́ sùn sí. Òkè rẹ̀ pupa, ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú. Gbòǹgbò máńgòrò tí wọ́n gé funfun bí eegun, bàtà rọ́bà ọmọdé kan sì wà nínú ẹ̀, mi ò mọ bó ṣe débẹ̀. Omi ń sun. Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ yìí pé ibẹ̀ á gbẹ, pé yóò tutù dáadáa bí orí táìlì. Omi ló kún inú ẹ̀.

Táìlì kan já bọ́, òmíràn tẹ̀ lé e. Ọ̀gá pariwo, "Dúró! Dúró ńbẹ̀!" Katapílà dúró pẹ̀lú ọwọ́ lókè. Ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá ń rọ́ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀wà tó ń dà láti ẹnu àpò. Mo pe Jésù títí ohùn mi fi há. Ó rọ́, ó rọ́, ó wá dúró. Mo rí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Sìmẹ́ńtì ni mo rí. Mi ò rí nǹkan mìíràn.

Wọ́n bu ilẹ̀ mi sínú típà. Mo bi awakọ̀ pé, "Ibo lẹ ń gbé e lọ?"

Ó ní, "Ẹnì kan fẹ́ fi kún ilẹ̀ rẹ̀ ní Òkè-Odò, Màmá."

Báyìí ni ààyè mi ṣe lọ sí Òkè-Odò. Ẹnì kan á kọ́lé lé e lórí.

Ọdún ti ń parí lọ báyìí. Wọ́n ti da sìmẹ́ńtì sí gọ́tà, wọ́n ti tún táìlì méjèèjì lẹ̀. Ohun tó kù láàárín Bàbá àti gọ́tà, ọmọdé pàápàá ò lè dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Ọmọ ọmọ mi ní kí òun wọ̀n ọ́n wò, mo ní kó má dán an wò. Ìbẹ̀rù òjò tó ń bọ̀ ṣì wà lọ́kàn mi, bóyá gọ́tà á dì í mú, bóyá kò ní dì í mú. Nígbà tí ọlidé bá parí, èmi àti ọmọ yìí máa padà sí Kánádà, torí orúnkún mi àti oògùn mi wà lọ́wọ́ dókítà ibẹ̀. Bí mo ṣe jókòó síbí láti ìgbà tí a ti dé, mo rí nǹkan kan tí mi ò rí tẹ́lẹ̀: yàtọ̀ sí èmi, kò sẹ́ni tó ń jókòó síbí mọ́. Tí a bá lọ tán, ọyẹ́ nìkan ni yóò máa jókòó ti Bàbá.

Lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá, àwọn ọmọ mi méjèèjì pè. Ọkùnrin ní àwọn ti rí ààyè nílé níbí, ní sẹ́mẹ́tìrì kan tó ní fẹ́ǹsì, tó gbẹ dáadáa, pé tí ọjọ́ bá dé, àwọn á gbé bàbá àwọn wá bá mi níbẹ̀. Obìnrin ní tàbí kí wọ́n tún tibí ṣe, kí n wà lókè, kí bàbá wà nísàlẹ̀.

Mo ní, "Kí n wà lórí bàbá yín? Ṣé ẹ fẹ́ kó máa mí gúlegúle ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Mo wá sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún wọn. Mo ní, "Ẹ má ra ilẹ̀ kankan fún mi. Ẹ má sì gbé bàbá yín kúrò níbi tó nawọ́ sí. Ohunkóhun tó bá ṣe é, ẹ sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀, torí ohun tí ẹ fi pa mọ́ fún mi ló fẹ́ pa mí, kì í ṣe katapílà. Ní tèmi, ibi tí ẹ̀yin bá wà, tí ẹ lè ti ibi iṣẹ́ yà sí, kí ẹ jókòó tì mí, kí ẹ ròyìn ọjọ́ fún mi, ibẹ̀ ni kí ẹ sin mí sí, ì báà jẹ́ abẹ́ yìnyín. Ẹ̀rù ilẹ̀ náà ń bà mí, mi ò ní purọ́. Ó tutù jù, mi ò sì mọ ẹnì kankan nínú ẹ̀. Ẹ wọ súwẹ́tà aláwọ̀ ewé yẹn fún mi, èyí tó nípọn, kí ẹ sì wọ ìbọ̀sẹ̀ fún mi. Iná nìkan ni mi ò fẹ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Mo ń gbọ́ bí ọmọbìnrin mi ṣe ń fa imú.

Mo ní, "Tí ẹ bá ti sin mí tán, ẹ pe Tíṣà. Kó gbé fóònù lé orí táìlì, kí ẹ sọ ibi tí mo wà fún bàbá yín, kó má baà máa fi etí bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ dè mí. Ìta ni kó gbé e sí o. Kó má gbé e sórí tábìlì."